Ọ̀nà Ilé Parupathi

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí èbúté Neduntivu, Kandavanam kò dìde. Ó di irin ìjókòó mú, ó ń wo erékùṣù náà, títí tí Yogan ọmọ rẹ̀ fi gbá a ní apá mú.

"Bàbá, gbogbo èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ bá ọkọ̀ padà ni?"

"Ká ní o ò sí níbí ni, ǹ bá bá a padà." Baba náà rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ó lé ní ogún ọdún tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí kẹ́yìn. Ìgbà ogun ló kúrò níbẹ̀, tí Yogan ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìlú Vavuniya lórí ilẹ̀ ńlá ni wọ́n sá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí. Lẹ́yìn tí ìyá Yogan kú ni baba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ rí Parupathi, àbúrò òun obìnrin, kí òun tó lọ. Yogan, tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe, ń fi òní dọ́la fún un. Ìgbà tí baba kọ oúnjẹ ni Yogan wá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti mú un wá.

Lábẹ́ igi kan létí èbúté ni Rasamalar, ìyá tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà, to kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí. Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin méjì, kẹ̀kẹ́ kan?"

"Bàbá mi ò lè wà á mọ́," ni Yogan wí. "Orúnkún ń dùn wọ́n."

"Orúnkún ta ni?" ni baba dá a lóhùn. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń sáré kẹ̀kẹ́ níbí. Obìnrin yìí, má dá a lóhùn. Ó ń gbé mi kiri bí ẹyin."

Rasamalar rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ibí ni yín nìyẹn. Ilé wo?"

Baba yíjú sí òkun. "Ọmọ ibí ni mí tẹ́lẹ̀."

Ìyá náà kò béèrè mọ́. Ó ká àpò ìrẹsì kan, ó so ó mọ́ kárià kí ìdí baba má baà dùn ún. "Ẹ tètè dé kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lọ," ni ó wí. "Ẹni tó bá sùn síbí láìní ilé, ẹ̀fọn á fi í ṣe oúnjẹ alẹ́."

Yogan rò pé ọ̀dọ̀ Àǹtí Parupathi ni àwọn máa gbà lọ tààrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta, baba ní kó yà sápá òsì, kí àwọn kọ́kọ́ wo ilé odi. Wọ́n dé ibẹ̀. Ògiri tí àwọn òyìnbó Họ́láǹdì fi òkúta iyùn mọ láyé ọjọ́un ti wó dé ìdajì, ewúrẹ́ sì ń jẹko nínú yàrá wọn. Baba nawọ́ sí ibi tí òun ti jábọ́ nígbà tí òun ń lépa ẹyẹlé, ó fi àpá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ hàn án. Láti ibẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wo àwọn ẹṣin igbó erékùṣù náà. Àwọn ẹṣin náà wà ní pápá gbígbẹ lọ́nà gúúsù, egungun ìhà wọn yọ síta, wọ́n ń fi pátákò wa ilẹ̀ láti rí omi.

"Ọ̀nà ilé Àǹtí ńkọ́, Bàbá?"

"Ó ń bọ̀ níwájú. Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?"

"Oòrùn ló ń lé mi. Ẹ̀yin jókòó, èmi ni mò ń wà á."

"Nígbà tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ, àpò ẹja méjì ni mo fi ń gun ọ̀nà yìí. Ìwọ, baba arúgbó kan ṣoṣo, o ti ń mí hẹlẹhẹlẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ láti ibì kan dé ibòmíràn, láàárín ọgbà olókùúta tí wọn kò fi amọ̀ mọ, oòrùn sì ti dúró gangan lórí wọn. Yogan kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń yí baba òun kiri.

Ìdí igi oṣè ló ti wá mọ̀. Igi náà ní ihò nínú tó gba èèyàn mẹ́fà, àwọn arìnrìn-àjò a máa wọ ibẹ̀ ya fọ́tò. Baba wọ inú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, kò sì jáde. Yogan tẹjú wọlé.

"Ibí ni a gbé ìyá mi sí nígbà tí bọ́ǹbù ń já," ni baba wí.

"Ẹ sọ fún mi pé ìyá àgbà ti kú kí ogun tó dé."

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ." Ó ń fi ìka fa ilà sínú eruku. "Ẹsẹ̀ ìyá mi ti rọ. Ọkọ̀ apẹja tó kù, àyè èèyàn mẹ́ta ló ní. Mo mú ìyá rẹ, mo mú ìwọ. Parupathi ní òun á dúró ti Màmá. Mo búra fún un pé tó bá di ọjọ́ kẹta, mo máa padà wá kó wọn."

"Wọ́n ti dí ọ̀nà ni?"

"Wọ́n dí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ padà, wọ́n padà." Ó fọwọ́ pa ilà náà rẹ́. "Ẹ̀rù bà mí. Kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà òjò ni mo gbọ́ pé Màmá ti kú, pé ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi ṣe àṣà, tó dáná sun òkú rẹ̀. Èmi, ọmọkùnrin rẹ̀, wà ní àgọ́, mò ń jẹ ìrẹsì."

Yogan na ọwọ́ fún baba, ó fà á jáde, ó sì gbé e ka kárià. Lọ́tẹ̀ yìí, baba fúnra rẹ̀ ló júwe ọ̀nà ilé Parupathi.

Ọgbà tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn olódù hun ló yí ilé náà ká, ó ga ju orí èèyàn lọ. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀ pa láti inú. Wọ́n gbọ́ tí ẹnì kan ń gbálẹ̀.

"Parupathi," ni baba pè.

Ìgbálẹ̀ náà dákẹ́. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Kandavanam. Ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ohùn tó dáhùn kò le, kò sì rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Àbúrò mi, dákun."

"Ọjọ́ kẹta, a ò rí i. Oṣù kẹta, a ò rí i. Màmá ní n kò gbọdọ̀ so ilẹ̀kùn ọgbà, pé o lè dé lóru kí o má rí ọ̀nà wọlé. Mi ò so ó. Ṣé o mọ àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé?"

Baba fi iwájú orí ti imọ̀ ọgbà náà.

"Mo bi ọ́ ni. Ṣé o mọ̀ wọ́n?"

"Mi ò mọ̀."

"Ológun mẹ́rin. Ojú Màmá ni wọ́n ti ṣe mí bó ṣe wù wọ́n. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń so ó."

Yogan súnmọ́ ọgbà. "Àǹtí, èmi ni Yogan. Ẹ fún wọn lómi mu nìkan, ẹ ṣàánú. Oòrùn ti pa wọ́n."

"Mi ò bá ìwọ jà, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo búra. Kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń mu." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Wọ́n mu omi ní kànga. Baba mu díẹ̀, ó da ìyókù sórí. "Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́," ni ó wí. Wọ́n gba ọ̀nà èbúté, ó di Yogan ní ìbàdí mú. Yogan ń rọ̀ ọ́ pé àwọn á tún wá nígbà ọdún tẹ́ńpìlì, pé inú àǹtí lè ti rọ̀ nígbà náà.

"Rọra," ni baba wí. "Ihò wà níwájú."

Yogan yà fún ihò náà. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó mọ̀ ọ́n lára tí baba gbé orí lé e lẹ́yìn, ó rò pé oorun ni. Ó tilẹ̀ rọra ń tẹ pẹ́dàlì kó má baà jí i. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ méjèèjì yọ́ kúrò ní ìbàdí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó gbá a mú kó tó kanlẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sójú ọ̀nà, ó pè é, ó gbọn èjìká rẹ̀, ó gbé etí lé e láyà. Ó tún pè é lórúkọ, bí ọmọ kì í ti í pe baba rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ níwájú, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó jókòó tì í nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ bo ojú baba kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ̀ ọ́.

Èbúté ṣì jìnnà. Ilé tó sún mọ́ jù ni ilé tí wọ́n ti lé wọn. Ó gbé baba padà sórí kárià, ó dà á dojú bo ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó fi aṣọ èjìká rẹ̀ so ó mọ́ ọn, ó sì ń tì í lọ. Òógùn àti omijé ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu pọ̀.

"Àǹtí."

"Mo ti sọ̀rọ̀ mi tán."

"Ó ti kú, Àǹtí. Mo gbé e dání níbí."

Ó gbọ́ tí wọ́n ń tú okùn, tí okùn náà kò tètè tú. Obìnrin kékeré kan tí orí rẹ̀ funfun báláú jáde. Ó wo ohun tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bàtà rẹ̀ kejì dà?"

"Ó jábọ́ sọ́nà."

"Gbé e wọlé ná. Tó bá yá, o lọ wá a."

Òun fúnra rẹ̀ ló bu omi láti inú kànga ọgbà rẹ̀, tó fi wẹ ojú àti ẹsẹ̀ òkú náà lórí ẹní. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n wá, àwọn obìnrin gbé ẹkún. Parupathi kò bá wọn sunkún.

Nígbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ tí kẹ̀kẹ́ kò dé, Rasamalar wá a wá. Ó dúró lẹ́nu ọgbà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ kí òkú, ó bá wọn se tíì. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó pe Yogan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò mi, má bínú sí mi. Kẹ̀kẹ́ tó gbé òkú, kò sẹ́ni tó máa háyà rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Erékùṣù kékeré nìyí, wọ́n á gbọ́. Bá mi gbé e lọ."

Yogan ní òun ti gbọ́. Kò bínú, inú rẹ̀ ṣófo.

Ní òwúrọ̀, wọ́n fá orí Yogan, bí àṣà ọmọ olókùú. Àwọn ọkùnrin gbé baba lọ sí etí òkun, Yogan sì dáná sí igi tí wọ́n tẹ́ ẹ lé bí àgbà kan ti ń kọ́ ọ, ó kẹ̀yìn sí i, kò wẹ̀yìn. Obìnrin kì í dé ibẹ̀. Nígbà tí ó padà, Parupathi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan pa èkejì.

"Lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbí," ni ó wí, "kí ló sọ nípa mi?"

Yogan ronú. "Ó ní inú òun dùn pé òun gbọ́ ohùn yín."

Parupathi mi orí. "Irọ́ lo pa. Baba rẹ kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láti kékeré."

Yogan wolẹ̀. "Ó ní ẹjọ́ yín tọ́."

"Ìyẹn jọ ọ́."

Ó dìde, ó wọ inú ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá. Yogan jókòó síta, ó ń gbọ́ ẹkún tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Kò lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí àkókò ọkọ̀ tó, ó ti kẹ̀kẹ́ náà jáde, ó fa ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè so okùn rẹ̀ láti ìta. Ó dúró títí tó fi gbọ́ tí àǹtí rẹ̀ jáde nínú ilé wá so ó láti inú.