Ẹrù Koríko Reuben

Ní ọdún tí owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó di ìlọ́po mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ ilé ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àwọn àgbẹ̀ mọ́kànlá kan wà ní Ilu-Abo tí wọn kì í fín oògùn sí oko wọn. Ìgbẹ́ adìẹ àti eérú ni ajílẹ̀ wọn. Ìyáàfin Lọ́lá, olùkọ́ kan ní Oǹdó, ló ń ra irè oko wọn fún àwọn ará ìjọ rẹ̀. Àáró ni wọ́n ń ṣe: ní gbogbo Sátidé, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnì kan, oníkálukú á sì ru koríko gbígbẹ wá láti fi bo ebè, kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá fín oògùn, wọn á yọ ọ́ kúrò títí òjò ọdún mìíràn yóò fi rọ̀.

Alàgbà Reuben ni olórí wọn. Òun ló ń gbàdúrà, òun ló ń dá orin.

Ẹ̀yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dun Reuben. Koríko gba oko àgbàdo rẹ̀, ọjọ́ àáró tirẹ̀ ṣì jìnnà, kò sì rí ẹni tó máa bá a ro ó. Ó lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ó ra oògùn koríko, ó fi fìlà bò ó wálé. Ìdájí ló fín in. Nígbà tí koríko náà rọ, tó gbẹ, Sátidé ti dé, oko Yéjídé opó ló sì kàn. Reuben kò ní koríko mìíràn.

"Ó ṣáà ti gbẹ," ó sọ fún ara rẹ̀. Ó gé e, ó rù ú lọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sídìí tòmátì Yéjídé ní ebè mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ ló ròkè jù nínú orin lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ewé tòmátì wọ̀nyẹn ká jọ bí ìkúùkù ọmọ tuntun. Gbogbo ẹgbẹ́ pé sí oko Yéjídé.

"Ìyá Bísọ́dún," Adébùsóyè, ọ̀kan nínú wọn, sọ fún Yéjídé, "ṣé àwa ni tòmátì yín ń di ẹ̀ṣẹ́ sí ni? Oògùn lẹ fín!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Adébùsóyè, níbo ni n ó ti rówó oògùn? Èmi tí mi ò tíì bọ́ ẹnu ara mi yó?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí."

Yéjídé yíjú sí Reuben. "Bàbá Alàgbà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín bo ebè yìí. Bí ẹ bá ní mo jẹ̀bi, màá lọ. Mi ò ní bá yín jiyàn."

"Bàbá, ẹ gbàdúrà, ká lè dá ẹjọ́ yìí," Adébùsóyè wí.

Reuben ṣí fìlà. Ó ní, "Olúwa, Ìwọ tí o rí..." Ó dá àdúrà náà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó koríko kúrò nídìí tòmátì.

"Koríko mi ni," ó ní. "Èmi ni mo fín oògùn sí i. Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan."

Adébùsóyè jókòó sórí ebè, kò lè wo ojú Yéjídé.

Wọ́n yọ Reuben. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má ṣe dín ọjọ́ kankan kù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń fi ọkọ́ ro oko rẹ̀ lóun nìkan, ó ń dúró di ẹ̀yìn mú, nígbà tó gbọ́ tí Adébùsóyè dá orin lókèèrè. Ohùn náà ga jù, gbogbo wọn ń fipá gbé e. Reuben fẹ́ bá wọn gbè é, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀, ó ń ro lọ.

Nígbà tó dé ààlà oko, ó bá ẹrù koríko tútù kan tí oògùn kò kàn níbẹ̀, tí a fi aṣọ orí Yéjídé dì. Ó mọ aṣọ náà dáadáa. Ó jókòó tì í. Ó pẹ́ kó tó lè fọwọ́ kàn án.