Ọmọ Munjia Tí Mo Fún Lọ́mú

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi tú ìgbéyàwó ọmọ ọmọ mi ká. Àwàdà ni mo ń ṣe. Mo tilẹ̀ rò pé ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ọjọ́ làálì Dalila ni, ní ìlú Nefta níbí, létí aṣálẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kí Ààfáà so yìgì òun àti Hedi. Àwọn obìnrin kún àgbàlá. Mo ti mu tíì, mo ti jẹ dàbínù débi pé ìdí mi kò fẹ́ kúrò lórí ẹní mọ́. Ni mo bá gbá ọmú mi, tó ti rọ bí àpò tí wọ́n kó ọkà inú rẹ̀ tán, mo ní, "Ọkọ ìyàwó yín yìí, kó tó mọ ti ìyàwó, ọmú tèmi ló kọ́kọ́ mọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Zina, ìyá Dalila, gbé abọ́ làálì sílẹ̀. "Ìyá, kí lẹ sọ yẹn?"

Ìtàn tí mo ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ibà dá Munjia, ìyá Hedi, dùbúlẹ̀. Nígbà yẹn ọmú mi kì í gbẹ, mo bá gbé ọmọ rẹ̀, mo fún un mu pẹ̀lú tèmi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń sanra. Ọjọ́ kan di ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta di ọ̀sẹ̀, mo tún wá fi ìjì iyanrìn kún un. Munjia ti kú, kò lè bá mi jiyàn.

Lófin ẹ̀sìn wa, ọmọ tó bá mu ọmú mi ti di ọmọ mi. Hedi di àbúrò bàbá Dalila. Ta ló ń fẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀?

Ààfáà ránṣẹ́ pè mí. "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ààfáà, orí mi kì í jò."

Ó bi àwọn arúgbó mẹ́ta mìíràn. Gbogbo wọn ní ìṣojú àwọn ni. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí, tí etí wọn fi gbé e fún ojú.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn tí Ààfáà fagi lé yìgì náà, wọ́n fi Dalila fún ọkùnrin kan ní ìlú Sfax, ẹni tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bó bá ń jáde. Hedi, tó ti di ẹbí, ló gbé àpótí ìyàwó sínú mọ́tò. Títí di òní, bó bá pàdé mi, á fẹnu kan orí mi, á ní, "Ìyá mi, ẹ kú ọjọ́." Ohùn rẹ̀ gbẹ bí imọ̀ dàbínù.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìyàwó àbíkẹ́yìn mi ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló bá ké, "Ó gé mi jẹ o." Bí ẹni ṣí yàrá tó ti wà ní títì tipẹ́ ló rí. Mo rí àgbàlá Munjia, mo gbọ́ òórùn imọ̀ tó ń jóná, eyín méjì wọ ọmú mi ṣinṣin. Mò ń pariwo pé ọmọ yìí fẹ́ fi mí jẹun. Munjia ń rẹ́rìn-ín lórí àìsàn: "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n, Habib ti hu eyín."

Habib. Àkọ́bí rẹ̀ ni, tí èéyi pa kí Munjia tó lóyún Hedi. A kì í dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹkún ìyá rẹ̀, "ọmọ Munjia" ni mò ń pè é nínú ìtàn. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ Munjia kan ṣoṣo ló ń rìn ládùúgbò. Ìtàn mi rí Hedi, ó sì gùn ún lẹ́yìn.

Mo gbé ọmú náà sókè níwájú dígí, bí ẹni ń wo abẹ́ òkúta. Àpá eyín méjì wà níbẹ̀.

Dalila wá kí wa nígbà Iléyá, pẹ̀lú oyún oṣù méje. Mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì fi àpá náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó fa aṣọ mi bò ó.

"Ìyá àgbà," ó ní, "ọmọ mẹ́jọ lẹ bí, gbogbo wọn ló hu eyín. Ta ló sọ fún yín pé ti Habib lèyí?"