Omi Tí Ẹja Ti Kúrò

2.

…torí náà ni Àṣàbí aláró kò ṣe fi òkúta ìsàlẹ̀ ṣan aṣọ mọ́. Ó ń yọ̀ jù. Òkúta tó wà lókè odò Kúdẹtì mọ́ tónítóní. Èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti jìn, ní ohun tútù yọ̀bọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé lórí. Odò kan náà ni. Kí ló wá dé?

3.

ÌKÉDE, Ọjà'ba

Ẹ gbọ́ o! Gbọ́mọgbọ́mọ ti tún jáde lọ́nà oko! Kí obìnrin kankan má dá lọ mọ́ o!

Ìkéde yìí pẹ́. Wọ́n ti gbé Àgbékẹ́, ọmọ Àṣàbí, lọ.

4.

Wọ́n rà á padà. Ó délé ní Ìdí Arère, ó wọ yàrá, kò jáde mọ́.

Ṣàngówálé bàbá rẹ̀, ẹni tó ti jagun títí ogun fi sú u, tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó gbé ìbọn lé itan, ó fi ìkòkò tábà sẹ́nu. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ òun, òkú òun ni yóò kọ́kọ́ dá kọjá. Tọ̀sán tòru ló ń mu tábà níbẹ̀ kí oorun má baà gbé e lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má bú u nínú ìtàn yìí.

5.

OHUN TÍ ÀGBÉKẸ́ JẸ

Láàárọ̀: díẹ̀.
Lọ́sàn-án: rárá.
Lálẹ́: ìyá rẹ̀ ní kí a má sọ ọ́.

6.

(Abala yìí sọnù. Ẹkún ló pọ̀ nínú rẹ̀.)

7.

Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ omi. Lórí òkúta òkè, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ìrù wọn rí bí òwú ń jẹ ohun tútù náà nínú oòrùn, wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ féfé. Lórí òkúta ìsàlẹ̀, kò sí ọ̀kan. Ó yí i padà. Gbogbo wọn wà lábẹ́, wọ́n rù, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pinpin.

Ẹja àrọ̀ kan ló ń gbé inú ibú náà. Kò tilẹ̀ lé wọn. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Àṣàbí rántí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá.

8.

Ó fi agbọ̀n mú ẹja náà. Ó gbé e sínú ìkòkò kan nílé, ó kó kòkòrò àti òkúta wọn sínú àwokòtò mìíràn. Nígbà tó yá, wọ́n gun orí òkúta, wọ́n ń jẹun. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló ń jẹun.

Omi àwokòtò wá ń gbẹ. Ọ̀nà odò kò sì ṣeé rìn ṣáá nígbà náà, omi kì í ṣòfò nínú ilé. Ó bu omi inú ìkòkò ẹja, ó dà á lé kòkòrò lórí.

Gbogbo wọn sá wọ abẹ́ òkúta.

Ẹja kò sí níbẹ̀. Omi rẹ̀ lásán ni.

9.

Èéfín tábà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá.

10.

ÀṢÀBÍ: Àwọn tó gbé ọ, ṣé wọ́n ń mu tábà?
ÀGBÉKẸ́: (ó fi aṣọ bo imú)
ÀṢÀBÍ: Àgbékẹ́ mi.
ÀGBÉKẸ́: Wọn kì í gbé e kúrò lẹ́nu, Ìyá.
ÀṢÀBÍ: Bàbá rẹ ló wà lẹ́nu ọ̀nà o.
ÀGBÉKẸ́: Mo mọ̀ pé Bàbá ni. Ara mi ni kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá.

11.

Àṣàbí sọ fún un.

ṢÀNGÓWÁLÉ: Èmi?
ÀṢÀBÍ: Ẹ̀yin kọ́, Bàbá Àgbékẹ́. Tábà yín ni.
ṢÀNGÓWÁLÉ: Mà á jù ú nù.
ÀṢÀBÍ: Òórùn rẹ̀ ti wọ inú aṣọ yín. Ó ti wọ irùngbọ̀n yín.
ṢÀNGÓWÁLÉ: Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ọ?

Ṣàngówálé ká ẹní rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Àkíbù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀rányàn. Ojú ti Àṣàbí gan-an, àfi bí ẹni tó lé onílé jáde nílé.

13.

IṢẸ́ TÍ ÈJÌDÉ, ÀBÚRÒ ṢÀNGÓWÁLÉ, Ń JẸ́

Láti Ọ̀rányàn: Ṣé ó ti jáde?
Láti Ìdí Arère: Rárá.
Láti Ọ̀rányàn: Ṣé ó ti jáde?
Láti Ìdí Arère: Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.
Láti Ọ̀rányàn: Mo ti fá irùngbọ̀n. Mo ti jó aṣọ náà. Ṣé ó ti jáde?

14.

Ó jáde. Ọ̀sán gangan ni. (Èjìdé ní àárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán.)

Àgbékẹ́ dúró lágbàlá, oòrùn ń pa á lójú. Àṣàbí wà lẹ́yìn ìkòkò aró. Ọmọ náà wo ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó wò ó títí. Ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá, Bàbá mi dà?"

15.

Èjìdé ti fa ìró rẹ̀ le. Ó ń dúró de iṣẹ́ tí yóò jẹ́.

"Kí ni kí n wí fún ẹ̀gbọ́n mi? Kí wọ́n máa bọ̀, àbí kí wọ́n má tíì wá?"

Láti Ìdí Arère: