Ife Ọsàn Alfa Fàtáì

Ọjọ́ tí dókítà sọ fún Alfa Fàtáì pé ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe wọ́n, ọmọ wọn Sọ̀fíyàt kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó kó gbogbo ìgò ẹlẹ́rìndòdò inú ilé dànù, ó wá ń ra ọsàn tí wọ́n ń kó wá láti Kuta ní àpò-àpò. Eyín Baba kò tó nǹkan mọ́, wọn kò lè fa ọsàn mu, nítorí náà Sọ̀fíyàt a fún omi rẹ̀ sínú ike, a sẹ́ ẹ, a da èyí tó kù nínú asẹ́ nù. Ife ńlá kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò ń kí i pé ó mọ ìtọ́jú òbí, orí rẹ̀ sì ń wú. Àwa èèyàn náà kúkú nìyẹn: ohun tí a bá ti ká lórí igi, a ti gbà pé kò lè ṣeni ní nǹkan kan.

Nígbà tó yá, bàtà tuntun bó Baba ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, egbò náà kò jiná. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn. Ẹ̀rù ba Sọ̀fíyàt gan-an. Ó mọ bàbá kan ní Ilé-Ogbó tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ kan ló kù fún un, orí àga ló ti ń kírun. Bẹ́ẹ̀ Alfa Fàtáì ló ń ṣíwájú ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò. Ìbẹ̀rù náà ló mú un fi ife kẹrin kún mẹ́ta, torí ó ti gbọ́ pé ọsàn ń jẹ́ kí egbò tètè jiná.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Adùnọlá gún Baba níka, ó wo ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà. Ó gún ìka mìíràn.

“Baba, kí lẹ mu láàárọ̀ yìí?”

“Omi ọsàn ni, ọmọ mi.”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Sọ̀fíyàt. “Ọsàn mélòó ló ń kún ife kan?”

“Mẹ́jọ.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin.”

“Ọsàn méjìlélọ́gbọ̀n. Ta ló lè fa ìyẹn mu tán lóòjọ́? Èyí tí ẹ ń dà nù nínú asẹ́ ni ì bá dá ṣúgà rẹ̀ dúró díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń já sí tààrà, egbò kì í sì í tètè jiná nínú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Dókítà wá tú báńdéèjì. Ó tẹ àtàǹpàkò náà. Baba kò mọ̀ pé ó tẹ̀ ẹ́.

“Eléyìí ò ṣeé gbà là mọ́,” ó ní. “Bí ṣúgà bá tètè wálẹ̀, gígé náà lè má kọjá ìka yìí.”

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gé yìí. Sọ̀fíyàt kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí òórùn ọsàn ṣì wà lára wọn, sábẹ́ ìborùn.

Baba wò ó. “Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń rí i pé ọ̀fun mi ń gbẹ tí mo bá mu ún,” wọ́n ní. “Ṣùgbọ́n torí pé ìwọ lo ń gbé e wá, mo ń mu ún.”