Àlàfo Orúkọ Olórin

Ọjọ́ tí wọ́n kó sídì náà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, eyín ni Kògbàgbé fi já okùn ara páálí. Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí ọ̀bẹ. Ohùn tirẹ̀ ló wà nínú sídì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn ń gbè é lẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọ ọ̀kan jáde, àwòrán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín sí i, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Orúkọ télọ̀ tó yá wọn láṣọ wà níbẹ̀. Orúkọ awakọ̀ tó gbé wọn lọ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọrin ni kò sí.

"Àṣìṣe atẹ̀wé ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó ń wo òde. "Tí a bá tún tẹ òmíràn, a ó tún un ṣe."

Wọn kò tẹ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n di ẹni tí wọ́n ń pè kiri. Bó bá dé ibi ìnáwó, yóò gba makirofóònù, wọ́n á fi sídì sí i, òun á sì máa la ẹnu pa ẹnu dé bí ẹja tí wọ́n yọ nínú omi. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Gbajúmọ̀. Àbúrò tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi ni wọ́n sọ ní Kògbàgbé. Orúkọ méjèèjì mọ́ wọn lára débi pé ìyá tó bí wọn kò fi orúkọ mìíràn pè wọ́n mọ́.

Kògbàgbé fi ìbínú dáná sun gbogbo sídì tó kàn án lẹ́yìnkùlé. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó yá, àìsàn dé sí i lọ́fun. Dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a bọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó kù fún un ń dún fìì bí táyà kẹ̀kẹ́ tí ìṣó gún.

Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ kò fi balẹ̀ ní ọ̀sán yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tẹ̀wé fún àwọn ará àdúgbò. Ojú Ìyá ti fọ́. Ọ̀la ni àbúrò wọn obìnrin yóò wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ọ̀nà jíjìn, ó sì ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún un. Ètò orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń da orin inú sídì kọ, tó ń to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tó sì ń fi ohùn obìnrin ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò ríran. Bí Ìyá bá ti tẹ bọ́tìnì, yóò pe àkọlé orin, yóò pe orúkọ olórin, orin á wá bẹ̀rẹ̀.

Kògbàgbé ti ń da àwọn sídì Ìyá kọ sínú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ọwọ́ Gbajúmọ̀ ló sì wà. Àwọn yòókù ti bàjẹ́ tán; òun nìkan ló kù láyé tí ohùn Kògbàgbé wà nínú rẹ̀.

"Ṣé ó máa wá báyìí?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jókòó. Ẹ dìde, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ jókòó, bí ẹni tó fìdí lé ilé èèrà."

Ìyá rẹ́rìn-ín láti orí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Fi í sílẹ̀. Nígbà tó wà nínú mi gan-an, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò jẹ́ kí n sùn."

Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà tí Gbajúmọ̀ fi wọlé. Ó ti ń hewú, ikùn rẹ̀ sì ti yọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá. Ó tú áńkáṣíìfù kan lórí tábìlì.

"Òun nìyí. Rọra mú un o."

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n." Kògbàgbé gbé sídì náà sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha yánmayànma. "Kí lẹ fi ń nù ún? Kànrìnkàn ìfọkòkò?"

"Sídì àtijọ́ ni, àbúrò. Èmi náà ti ń ha."

Kògbàgbé mú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń nù ún láti àárín bọ̀ sí etí, kò yí ọwọ́ po, nítorí pé yíyí ọwọ́ po ló ń pa sídì. Ó tì í sẹ́nu kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ké, ó dákẹ́, ó tún ké, bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni ara ẹ̀rọ rọlẹ̀.

Bí ètò yẹn ṣe ń ṣe nìyí: bí sídì bá ti wọlé, yóò wo bí orin kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, yóò lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹnìkan ti kọ àkọlé àti orúkọ olórin irú rẹ̀ ránṣẹ́ rí, yóò sì béèrè bóyá kí òun lò ó. Láti àárọ̀ ni Kògbàgbé ti ń tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á. Ìka rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ báyìí náà kó tó rántí.

"Olórin," obìnrin inú kọ̀ǹpútà wí ketekete, ó sì pe orúkọ Gbajúmọ̀, orúkọ àbísọ rẹ̀ pẹ̀lú ti bàbá wọn.

Ohun tí yóò máa ké sí Ìyá létí lójoojúmọ́ nìyẹn, nínú ilé tí Kògbàgbé kò ní sí níbẹ̀ láti jiyàn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ̀rọ yìí kì í dá orúkọ hun. Ẹni tí sídì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Ṣé atẹ̀wé yẹn náà ló tún wọ inú íńtánẹ́ẹ̀tì lọ?"

Gbajúmọ̀ nu iwájú orí. "O tún ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí Ìyá ni mo ṣe wá."

"Èmi náà, nítorí Ìyá ni mo ṣe bi yín."

"Ẹ jẹ́ kó kọrin ná," Ìyá wí. "Mo fẹ́ gbọ́."

Kògbàgbé tẹ̀ ẹ́ kó máa kọrin bó ti ń dà á kọ. Ohùn kan jáde nínú sípíkà, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, ó mọ́ gaara bí omi òjò nínú àwo funfun. Ìyàwó Kògbàgbé dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Kògbàgbé ni ọkọ rẹ̀ ti ń ròyìn ohùn àtijọ́ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà máa ń ní "hẹn-ẹn," bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Ẹ̀yin nìyẹn?" ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Kògbàgbé ń wo ìlà tó ń fà lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ibi tí ìdàkọ dé hàn. Ní orin kẹta, ìlà náà dúró. Ohùn rẹ̀ ń ta kókó, "mo, mo, mo, mo." Iná lọ. Fáànù fa ẹsẹ̀ dúró, àmì bátìrì sì pọ́n, nítorí pé láti àárọ̀ ni iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

"Má yọ ọ́!" Gbajúmọ̀ ké. "Tó o bá yọ ọ́, ó lè má kà á mọ́!"

"Mo gbọ́." Ẹ̀rọ náà tún ké, ó wá já gba ojú kókó náà kọjá, ìlà tún ń fà. Orin ń lọ. Ìyá na ọwọ́ síwájú.

"Gbajúmọ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ. Bá a kọ ọ́ kí n gbọ́."

Gbajúmọ̀ la ẹnu, bó ti ṣe ń là á níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n ń tàn níbi ìnáwó. Ìyá kò lójú tí wọ́n lè tàn, etí ló ní. Ó pa ẹnu dé. Orin náà parí láìsí ẹni tó gbè é, ìlà ìdàkọ sì dé òpin.

Kògbàgbé ti pa orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́. Ó tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́.

"Orúkọ olórin ṣófo," obìnrin inú kọ̀ǹpútà wí. "Kò ṣeé fi pamọ́."

"Ẹ kọ orúkọ síbẹ̀ o!" ìyàwó rẹ̀ pariwo. "Bátìrì ń kú lọ!"

Kògbàgbé gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ká wọn gbera láyà.

"Kọ orúkọ tìẹ," Gbajúmọ̀ wí lábẹ́lẹ̀. "Mo ní kó o kọ ọ́. Kí lo tún ń wá?"

"Kí ẹ lè máa wí lọ́la pé mo dúró lẹ́yìn yín kọ ọ́?"

"Orí ẹ kò pé ni? Ohùn ẹ ló fẹ́ ṣòfò yẹn!"

"Ohùn mi ni. Ó ti ṣòfò rí." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára àmì pupa náà. Ìka kan péré ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Kò na ìka náà. "Ohùn tiyín kò bọ́ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ sókè."

"Ìwọ ọmọ yìí, àgídí ni yóò pa ẹ́!"

"Mo ti kú tán lára páálí sídì."

Ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún. Ìyá yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ibi tí àkọ́bí rẹ̀ wà, ó sì dúró, bí ẹni tó ti ń dúró tipẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀.

Gbajúmọ̀ kúnlẹ̀ síbi tó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ìyá, atẹ̀wé kò ṣe àṣìṣe," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ga ju bó ti fẹ́ lọ. "Àbúrò mi ló kọrin. Orúkọ ẹ̀ ti wà lára páálí náà, àwòrán ẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi ni mo lọ bá atẹ̀wé, tí mo ní kó yọ ọ́ kúrò."

Kògbàgbé na ìka náà sí kọ̀ǹpútà.