Ta Ni Yóò Tan Tẹlifíṣọ̀n?

Oldřich Vaverka kò gba ohunkóhun gbọ́, iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sì nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ bá ti pa ẹ̀rọ, wọn á kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí yàrá ìjẹun, Oldřich á dúró níwájú wọn pẹ̀lú táì lọ́rùn, á máa ṣàlàyé pé kò sí ọ̀run, kò sí iwin, kò sí àmì, kò sí èèwọ̀; ohun tí ọwọ́ bá lè bà nìkan ló wà. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ló ń sanwó fún un kó má baà gba nǹkan gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa mi orí, torí ẹni tó bá mi orí dáadáa ló ń tètè délé. Ọ̀mọ̀wé ni o, ẹ má fojú di í! Ṣùgbọ́n ológbò dúdú kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn ní ìlú Jihlava, bó bá sì fẹ́ dábùú ọ̀nà níwájú Oldřich, Oldřich á dúró, á máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò títí ẹlòmíràn á fi kọ́kọ́ kọjá. Ẹnu dùn ún ròfọ́, àbí kí la ń wí?

Ohun kan wà tó kórìíra ju Ọlọ́run tí kò sí lọ. Fíìmù kan ni. "Ọmọ-ọba Kò Ṣe Mọ́" ni wọ́n ń pè é, tẹlifíṣọ̀n kì í sì í ṣaláì gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì. Ọmọ-ọba bọ́ adé sílẹ̀, ó lọ ń ru àpò ìyẹ̀fun, òtútù mú ọba bàbá rẹ̀, ó ń sín, wọ́n kọrin, ọmọ-ọba fẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń lọ àlìkámà, ó parí. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti mọ̀ pé ẹni yẹn ló máa fẹ́, síbẹ̀ lọ́dọọdún wọn á máa di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ẹni pé ó lè yí ọkàn padà tó bá di tọdún yìí. Bohdana ìyàwó rẹ̀ máa ń sunkún níbi kan náà, áńkáṣíìfù á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ibẹ̀ tó dé. Luboš, àbúrò Bohdana, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìgboro, máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọba kí ọba tó sọ ọ́. Láti ọdún tí Oldřich ti gbéyàwó ló ti ń jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. "Ìtàn ọmọdé," á ní. "Ọba pọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan." Wọn á ní kó dákẹ́, orin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ti Ìyá Anežka, ìyá ìyàwó rẹ̀, yàtọ̀ sí tiwọn. Abúlé rẹ̀ ni wọ́n ti ya fíìmù náà, nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Olùdarí fíìmù ń wá ẹni tó ní ewúrẹ́, wọ́n bá mú Metoděj ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó fa ewúrẹ́ kọjá lẹ́yìn ọba nígbà tí ọba bá ń sín. Wọ́n kìlọ̀ fún un títí pé kó má wo kámẹ́rà. Metoděj wò ó. Anežka ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ta ni kó wá wò? Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ewúrẹ́ fà á lọ. Kò sẹ́ni tó gé e kúrò. Àkókò téèyàn fi ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Metoděj ti kú, ibẹ̀ nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀, ojú ẹni tó ń dúró de oníṣègùn eyín ló wà nínú ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tí à ń sọ yìí, dókítà ojú sọ fún ìyá pé àìsàn ojú rẹ̀ kò gbóògùn. Kó tó di Kérésìmesì ọdún tó ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni yóò máa rí. Bohdana sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi délé. Ìyá ò sunkún. "Kérésìmesì tọdún yìí kò tíì lọ," ó ní. "Kí n ṣáà rí Metoděj lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n wá máa pa iná wọn lọ."

Oldřich gbọ́. Etí rẹ̀ kò di. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́ nígbà tí ẹnìkan sọ níbi iṣẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ti mú àsìkò fíìmù náà yá lọ́dún yìí: kò ní dúró di ìgbà táwọn èèyàn bá jẹun tán mọ́, àárín oúnjẹ gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ọ́ nílé. Bohdana ò sì wo ìwé ìròyìn. Fíìmù tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò kan náà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ta ló ń wo ìwé nítorí ẹ̀? Oldřich ò purọ́ o. Ta ló bi í? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn dókítà fẹ́ràn láti máa dẹ́rù bani, pé ojú ìyá yóò ṣì ríran lọ́dún tó ń bọ̀, pé kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣọdún kan láìrí ewúrẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó tilẹ̀ ń súfèé.

Ẹ wá wo tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni mẹ́rin ló jókòó, torí wọ́n ní bí ẹnìkan ò bá ní ẹnìkejì nídìí tábìlì, ikú ló ń wá ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ẹja ààyè tó ti gba ọpọ́n ìwẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á ti di dídín; Luboš ló pa á, Oldřich ní ìwé kan ń dúró de òun. Bohdana ti kó ìkòkò ọbẹ̀, àwo ẹja àti abọ́ sàláàdì ọ̀dùnkún yí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ká nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí adìẹ tó sàba. Nínú ẹbí wọn, bí ṣíbí bá ti kan ọbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde títí gbogbo wọn á fi jẹun tán, kódà ẹni tó se é. Ẹni tó bá dìde ṣáájú ìgbà náà kò ní rí Kérésìmesì tó ń bọ̀. Ilé Oldřich ni wọ́n sì wà o, ilé onísáyẹ́ǹsì, nínú ilé gogoro kan tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá sín, ìwọ lo máa kí i pẹ̀lẹ́.

Wọ́n ti lá ọbẹ̀ tán, wọ́n ti mú ẹja, nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ nínú ògiri. Fèrè ni, lẹ́yìn náà agogo. Fọ́ọ̀kì Ìyá Anežka dúró láàárín àwo àti ẹnu.

"Bohdana," ó ní. "Orin wo nìyẹn?"

"Ó jọ... Rárá, Màmá. Kò tíì tó àsìkò."

"Orin ọmọ-ọba ni!" Luboš pariwo. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀! Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ń wò ó! Ta ló sọ fún wọn?"

Oldřich tẹjú mọ́ ẹja, ó ń yọ egungun níbi tí kò ti sí egungun.

Tẹlifíṣọ̀n wọn wà ní igun yàrá náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi Kérésìmesì, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Èèyàn á dìde, á rìn díẹ̀, á yí bọ́tìnnì. Ọmọdé lè ṣe é. Wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wo ara wọn, kò sí ìdí tó kúrò lórí àga.

"Kọ́múréèdì," Luboš ní, "ọ̀rọ̀ ti dọ́wọ́ yín. Ẹ dìde, ẹ jàre."

"Èmi? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kò sí èèwọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fáwa awakọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, mo sun oorun gidi."

"Kì í ṣọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́," Oldřich dáhùn, ó tún táì ṣe. "Ọ̀rọ̀ àṣà ni. Àṣà àwọn mẹ̀kúnnù, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ìwọ náà ńkọ́, tí o ò níyàwó, tí o ò lọ́mọ? Ta lo máa fi sílẹ̀ sókè eèpẹ̀?"

"Háà! Torí pé mi ò tíì gbéyàwó ni kí n wá kú? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e ná, kí n wá mọ̀ bóyá ikú sàn!"

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjì yìí," Bohdana ní, "ojú ò tì yín?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ẹ dìde ná."

"Èmi kẹ̀? Tí mo bá kú, ta ló máa tọ́jú Màmá? Ṣé ìwọ tó ò lè fọ kọ́ọ̀pù?"

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Luboš ronú. Ó di àga mú lábẹ́ ìdí ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò tòun tàga, gbì, gbì, ó forí lé ibi tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ jẹ́rìí mi o!" ó ń ké. "Ìdí mi wà lórí àga! Mi ò dìde!" Yàrá náà kò tóbi; àga há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, kò lọ síwájú, kò bọ̀ sẹ́yìn. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jù ú sí bọ́tìnnì. Igi Kérésìmesì ló bà. Bọ́ọ̀lù dígí kan já bọ́, ó fọ́ yángá.

"O kú iṣẹ́," Bohdana ní.

Nínú ògiri, ọba sín.

Àkọ́kọ́ nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọba máa sín, nídìí ẹ̀ẹ̀kẹta sì ni ewúrẹ́ ti ń yọ. Ìyá Anežka fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń fi ìka wá etí tábìlì tí yóò fi dìde, torí kò rí i dáadáa mọ́.

"Màmá! Ẹ jókòó! Ẹ jọ̀ọ́!" Bohdana ti ń sunkún, ibi tó ti máa ń sunkún kò sì tíì dé.

"Fi mí sílẹ̀. Mo ti gbó. Kí ni mo tún ń ṣọ́?"

Ojú ti Oldřich. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́ fún un, ojú tì í débi pé ẹja ẹnu rẹ̀ di òwú. Ìka ìyá tó ń wá etí tábìlì ló ń wò. Òun ló fà á. Ká ní ó la ẹnu rẹ̀ ni, ẹnu tó ń là fún gbogbo ìlú, wọn ì bá ti tan tẹlifíṣọ̀n kí ṣíbí tó kan ọbẹ̀. Ọba sín lẹ́ẹ̀kejì. Oldřich dìde.

Ẹ̀rù bà á o! Ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn pé ikú kì í gba àmì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wẹ̀yìn wò kó tó gbẹ́sẹ̀. Bohdana figbe pe orúkọ tó fi ń kẹ́ ẹ, "Olda!" ó na ọwọ́ sí i, àmọ́ ìdí tirẹ̀ ò kúrò lórí àga. Oldřich gbẹ́sẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀dì, ó ti orí Luboš sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí bọ́tìnnì.

Òkùnkùn. Tẹlifíṣọ̀n náà ti dàgbà, àfi kó kọ́kọ́ gbóná. Ohùn ló máa ń kọ́kọ́ dé, àwòrán á wá tẹ̀lé e nígbà tó bá wù ú. Ọba sín lẹ́ẹ̀kẹta nínú òkùnkùn náà. Ewúrẹ́ ké.

"Ṣé òun nìyẹn?" Ìyá na ọrùn. "Mi ò rí nǹkan kan. Bohdana, ṣé ojú mi ni? Ṣé ó ti lọ?"

Bohdana fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ti yọ, Màmá," Oldřich ní. Ó dúró níwájú dígí dúdú náà, kò wẹ̀yìn. "Lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹrù ló ti yọ. Fìlà rẹ̀ wọ́ sí etí ọ̀tún. Okùn wà lọ́wọ́ òsì, ó ti wé e mọ́ ọwọ́, ewúrẹ́ ò fẹ́ lọ. Bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ kan ti já, èyí tó wà lókè. Ó dúró. Ó gbójú sókè báyìí. Ẹ̀yin ló ń wò, Màmá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jí rẹ̀ hàn. Ewúrẹ́ ti fà á. Ó ṣì ń wẹ̀yìn o, ó ṣì ń wẹ̀yìn. Ó ti kọjá."

Àwòrán dé. Ọba ń fi kọ́tìnnì ààfin nu imú.

"Ẹ gbọ́," Luboš sọ jẹ́ẹ́, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ kì í wò ó."

Oldřich yíjú sí wọn. "Mo mọ̀ pé wọ́n ti yí àsìkò padà," ó ní. "Wọ́n sọ fún mi níbi iṣẹ́. Mi ò sọ fún yín. Mo fẹ́ sinmi lọ́wọ́ ewúrẹ́ yẹn lọ́dún kan ṣoṣo." Bohdana wò ó bí ẹni tó ń wá èyí tí yóò jù lù ú nínú àwọn ìkòkò tó wà nílẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá Anežka ti wá sí àyà, ó ń tọ́ bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ tó wà lókè.

"Èmi ni mi ò rán bọ́tìnnì yẹn fún un," ó ní. "Ó bẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wàrà. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo rí i láyé yìí." Ó nu ojú. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa tún sọ ọ́ fún mi. Má fo nǹkan kankan."

"Tó bá ṣì wà láyé," Luboš ní láti orí àga tó há.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oldřich ti fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń wò ó bóyá iṣan ṣì ń lù. Onísáyẹ́ǹsì ni, ó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Metoděj ò dìde," ìyá ní.

Wọ́n yíjú sí i.

"Kérésìmesì tó ṣe kẹ́yìn, kò mira lórí àga títí mo fi kó àwo kúrò. Ó tún bú mi, torí mo ní mo fẹ́ dìde lọ mú iyọ̀. Mi ò lọ mọ́. Ó jẹ ẹja rẹ̀ láìníyọ̀. Oṣù kẹta la sin ín." Ó na àwo rẹ̀ síwájú. "Ẹ bu sàláàdì sí i fún mi."

Bohdana bu sàláàdì fún un. Ó tún bu òmíràn sínú àwo ọkọ rẹ̀, ó gbé àwo náà, ó dìde, ó gbé e lọ bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró tì í níbẹ̀, inú ṣì ń bí i. Luboš wo àwọn méjèèjì, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní òun ti ń fẹ́ tọ̀ láti ìgbà ọbẹ̀, ó fi àga sílẹ̀ níbi tó há sí, ó sáré jáde.