Orúkọ Tí Selwin Kò Lè Pè

Kí ọkọ̀ ńlá náà tó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú abúlé Lekwel, Selwin ti fọ ojú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló ti ń mú àwọn òyìnbó káàkiri àwọn erékùṣù Vanuatu, kò sì sí èbúté tí ń bà á lẹ́rù. Lekwel nìkan ló yàtọ̀, torí olóyè ibẹ̀ ló bí ìyàwó rẹ̀.

Rovalin ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un nílé, ní Port Vila. "Ọmọ wa ti pé oṣù mẹ́jọ, orúkọ ìrìbọmi nìkan ló ní. Má padà wá bá mi láìgba orúkọ ilé lọ́wọ́ bàbá mi o!"

Kò ṣàwàdà. Bẹ́ẹ̀ bàbá náà kò tíì dárí ji Selwin pé ó mú ọmọ òun lọ sí ìlú ńlá. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n ti kọ sí i, kò fèsì kankan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni ọkọ̀ máa ṣí.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, bàbá ti jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi fúrúùtù, ó kọ ojú sí òkun. Selwin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé yípo, torí ní ilẹ̀ wọn, ta ló jẹ́ dúró gàgàrà lé bàbá ìyàwó rẹ̀ lórí? Àwọn obìnrin rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọkọ Rovalin, ó ń rìn bí akàn!"

Nígbà tí àwọn àlejò jókòó tán, Birgit, ọ̀gá àwọn afinimọ̀nà, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé Selwin lọ́wọ́. "Fi olóyè hàn wọ́n. Kí o pe orúkọ wọn ketekete o, wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀."

Lọ́dọ̀ àwọn Birgit, pípe orúkọ ènìyàn ni ọ̀wọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Selwin, ọkùnrin kì í pe orúkọ bàbá ìyàwó rẹ̀, ìbáà ṣe lójú àlá.

"Ẹ̀yin àlejò wa," ni Selwin bẹ̀rẹ̀, "olóyè wa rè é. Orúkọ wọn ni..."

Àwọn àlejò gbé bírò sókè. Bó bá yára pè é, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá yí ojú kúrò lára òkun, ó ń wò ó.

"Ṣé o ti gbàgbé ni?" Birgit sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. "Ṣebí o ní àna rẹ ni wọ́n?"

Láti máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àna lójú àna, ìwọ̀sí mìíràn nìyẹn. Selwin tẹrí ba. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mi ò lè sọ ọ́."

Birgit gba ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí àwọn àlejò forí ji àwọn, afinimọ̀nà àwọn ti gbàgbé orúkọ. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Selwin débi pé omijé lé sójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Rosurlat, àbúrò olóyè lóbìnrin, dìde. "Ẹ gbé nǹkan yẹn wá! Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ò wúwo lẹ́nu tèmi. Womalas! Womalas ni, ẹ kọ ọ́ dáadáa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n jó, wọ́n sì jẹ gbẹ̀rẹ̀fútù gígún tí wọ́n da wàrà àgbọn lé. Aago mẹ́ta kọjá, Selwin sì gbà pé òfo lòun máa gbé lọ bá Rovalin.

Bàbá pe àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ Selwin kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ, torí àna kì í bá àna sọ̀rọ̀ tààrà níbẹ̀. "Rosurlat, bá mi bi ọkọ ọmọ mi, ṣé ó ti jẹun?"

"Wọ́n ní ṣé o ti jẹun?"

"Ìyá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti jẹun."

"Sọ fún un pé mo rò pé ìlú ńlá ti fọ ẹ̀kọ́ ilé kúrò lára rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé, síbẹ̀ kò jẹ́ kí orúkọ mi jáde lẹ́nu rẹ̀. Kí ló ń fẹ́?"

"Orúkọ ni, ẹ̀gbọ́n. Fún ọmọ Rovalin."

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kó máa jẹ́ Womalas."

Rosurlat lanu, ló bá bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Ọmọ tó bí! Báwo ni yóò ṣe máa pè é?"

"Ìyẹn ò kàn mí," ni bàbá wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Kó máa súfèé sí i."

Bí wọ́n ti padà sínú ọkọ̀, Selwin tẹ Rovalin láago.

"Ṣé wọ́n fún wa?"

"Wọ́n fún wa."

"Orúkọ wo ni?"

Selwin kò fọhùn. Orúkọ kan ṣoṣo ni Rovalin mọ̀ pé ọkọ òun kì í pè. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ figbe ayọ̀ ta, tó ń pe ọmọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ léraléra.

"Gbé fóònù sí i létí," ni Selwin wí. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó ṣu ètè jọ, ó sì súfèé sí ọmọ rẹ̀.